Kí Ọkọ̀ Bàbá Tún Rìn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Títún Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré Àjogúnbá Ṣe

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, torí àwọn nǹkan tí mo tò sórí tábìlì yìí kéré, mo sì fẹ́ kí ojú yín tó wọn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ti ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tó jẹ́ ogún: èyí tí bàbá àgbà rà fún bàbá, tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tó ti wà nínú páálí lókè àjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnì kan wá gbé sọ̀kalẹ̀ tó ń béèrè pé, “Ṣé yóò ṣì rìn?” Àwọn kan nínú wa fẹ́ ọkọ tàbí aya láti inú ìdílé tó ní irú rẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí. Àwọn mìíràn rà á níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé olóògbé. Ọmọ ló sì máa ń bẹ̀ pé kí a tò ó yí ìdí igi Kérésìmesì ká. Ti Lionel, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí, ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Àwọn ará Jámánì ní Märklin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Hornby, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì dára gan-an, àmọ́ Lionel ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ àjà ilé nílẹ̀ yìí, òun náà ni ọwọ́ mi mọ̀ jù.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó ṣí páálí. Ẹni tó ń tún ohun ogún ṣe ní láti mú kí ohun náà ṣiṣẹ́, kí ó sì tún jẹ́ kí ó ṣì jẹ́ ohun náà gan-an tí olóògbé fọwọ́ mú. Ohun tí iná ń gbà kọjá, ohun tó lè jó ilé, ohun tó lè ba ìyókù jẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú ń rí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí ti wá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣe é. Joshua Lionel Cowen ni orúkọ rẹ̀, New York ni wọ́n sì bí i sí ní 1877. Ní 1900 ni òun àti Harry Grant dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe, ní 1901, wọn kò ṣe é fún ọmọdé rárá. Àpótí onígi ni, tó ní ẹ̀ńjìnnì iná kékeré lábẹ́, tó ń yí ká lórí irin nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tó ń kọjá lè dúró wo ọjà tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n ń béèrè iye rẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé oṣù kẹta ọdún 1901 yẹn kan náà ni ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, lórí irin tó fẹ̀ ní 1,067 mílímítà. Ti Lionel tí a fẹ́ sọ lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní O, kò ju íǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin lọ láàárín irin ọ̀tún àti ti òsì.

Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà gùn, n kò ní rò ó tán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní 1942 ìjọba Amẹ́ríkà dá ṣíṣe ohun ìṣeré onírin dúró nítorí ogun, Lionel sì ń ṣe kọ́ńpáàsì fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ní 1945 ni wọ́n padà sídìí ọkọ̀. Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ogun ni pé ó pín àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sí méjì, ti ṣáájú ogun àti ti ẹ̀yìn ogun. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí n óò bi yín nìyẹn, torí àìsàn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Èyí tó wà níwájú mi yìí ni nọ́ńbà 671, ti ọdún 1946. Arábìnrin kan láàárín wa ló gbé e wá. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ni ín nígbà èwe. Ó fún mi láyè láti fi í ṣàlàyé. Ẹ̀ńjìnnì tòótọ́ S2 ti ilé-iṣẹ́ rélùwéè Pennsylvania Railroad ni wọ́n wò ṣe é, ẹ̀ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ Baldwin kọ́ ní 1944, nọ́ńbà 6200, ọ̀kan ṣoṣo péré ni wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ láyé. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọkọ̀ yìí ṣeré pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó fojú rí ẹ̀ńjìnnì tòótọ́ náà lọ.

Kí ọmọ tó sáré lọ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gba okùn iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ewu tó wà nínú ẹrù yìí kò sí lára ọkọ̀, inú tiransifọ́mà ló wà. Iná tó ń jáde lọ sórí irin kò ju bí ogún fólìtì lọ, kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan. Àmọ́ fólìtì 120 odindi ló ń wọlé láti ara ògiri, inú okùn tí wọ́n fi rọ́bà bò ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ló sì ń gbà. Rọ́bà yẹn ti gbẹ. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá níbi tó ti wọ inú àpótí. Bó bá sán, tàbí tó ń wó sílẹ̀ ní èérún èérún, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ okùn náà pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó so ó mọ́ iná. Bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ iná, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí àpótí tiransifọ́mà náà bá sì ti là, tàbí tó ń rùn bí ohun tó ti jóná rí, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún wíwò, kí ẹ ra tuntun fún ìlò. Níbi tí ogún ti lè pa ọmọ, n kì í bá a ṣe àríyànjiyàn.

Tiransifọ́mà tó bá ṣì dára náà ní àléébù kan. Ohun tó yẹ kó gé iná nígbà tí ọkọ̀ bá yẹ̀ kúrò lójú irin kì í tètè gé e. Ẹ fi fíúùsì ayára-já ti òde òní sí ojú wáyà tó ń lọ sórí irin. Owó kékeré ni, ó sì ń gba wáyà inú ọkọ̀ là.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó ń ronú láti gbé ẹrù yìí lọ sílé fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò. Fólìtì 110 sí 120 ni wọ́n ṣe tiransifọ́mà yìí fún, iná Amẹ́ríkà tó ń mì nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230, ó sì ń mì nígbà àádọ́ta. Bí wọ́n bá kì í bọ ògiri ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, èéfín tó máa jáde kì í ṣe ti inú ihò èéfín ọkọ̀. Kódà tí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń dín fólìtì kù sí àárín, tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún ọgọ́ta máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lórí àádọ́ta. Ẹ ra tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún iná ilé wa, tó ń gbé iná AC tó tó ọkọ̀ náà jáde, kí ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ jókòó sínú páálí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí ọkọ̀ gan-an, kí á bẹ̀rẹ̀ láti òde, torí òde ni wọ́n ti ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù.

Ohun tí arábìnrin yìí kọ́kọ́ bẹ̀ mí ni pé kí n kun ọkọ̀ náà ní dúdú kó lè dán bí tuntun. Ìfẹ́ ló sún un sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ bá a ní ẹwà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wo imú ọkọ̀ náà dáadáa. Ọ̀dà ti ṣí kúrò níbẹ̀ níwọ̀nba èékánná. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ló bá ní, “Àtẹ̀gùn ni. Bàbá mi sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ló tì í bọ́.” Ó sọ̀rọ̀ gùn lórí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Bí mo bá kùn ún, mo ti fi ọ̀dà bo ẹ̀rí yẹn mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà.

Àwọn tó ń kó ọkọ̀ ìṣeré jọ mọ èyí, ó sì hàn nínú owó tí wọ́n ń san. Ọkọ̀ tó ṣì wọ ọ̀dà tí wọ́n fi jáde ní ilé-iṣẹ́, bó tilẹ̀ ha, máa ń níye lórí ju èyí tí wọ́n tún kùn lọ. Ní 1957 Lionel kun ọkọ̀ kan ní àwọ̀ osùn fífẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Kò tà, àwọn ọmọbìnrin fẹ́ èyí tó dúdú bíi ti tòótọ́. Lónìí àwọn olùkójọ ń wá ọkọ̀ yẹn kiri, wọ́n sì ń fi gíláàsì wo ọ̀dà rẹ̀ bóyá ti ilé-iṣẹ́ ni tàbí ti àyédèrú. Ẹgbẹ́ Train Collectors Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ní mùsíọ̀mù kan ní Strasburg, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ ó rí ìhà, ẹ ó rí ibi tí ọ̀dà ti fò, ẹ ó sì rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń dúró níwájú wọn.

Báwo la ṣe ń nu ọkọ̀ náà nígbà náà? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọ abọ́ díẹ̀, aṣọ múlọ́múlọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fún inú kọ̀rọ̀. Ẹ yọ ẹ̀ńjìnnì kúrò nínú ara ọkọ̀ kí omi má kàn án. Ẹ má fi aṣọ gbo ibi tí nọ́ńbà àti orúkọ wà. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi lu òmíràn nínú wọn, ó sì máa ń ṣí kúrò bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ọtí tí ilé ìwòsàn fi ń nu ara máa ń kó o lọ tefétefé. Ẹ má sì fi pépà gbígbo ha ọ̀dà àtijọ́, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn. Ní 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé àti ohun ìṣeré. Eruku òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ jókòó tì yín pẹ̀lú bísíkíìtì lọ́wọ́.

Ó yá, inú ọkọ̀. Ibí ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Irin mẹ́ta ni ojú ọ̀nà Lionel ní. Iná ń wá láti ara irin àárín, ó ń gba orí rólà kékeré tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wọ inú ẹ̀ńjìnnì, ó sì ń gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà sórí irin méjì ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà bí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo rólà yẹn. Ṣé ó ń yí? Ṣé ìdọ̀tí kò bò ó? Ṣé wáyà rẹ̀ kò já? Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n sọ pé ó ti kú, tó jẹ́ irun kápẹ́ẹ̀tì ló di rólà rẹ̀ pa.

Nínú ẹ̀ńjìnnì, kọ́ìlì kan dúró sójú kan, armature, ìyẹn irin tí wọ́n yí wáyà mọ́, ń yí nínú rẹ̀. Ní ìdí armature ni ègé bàbà mẹ́ta wà tí wọ́n ń pè ní commutator, àlàfo tóóró pín wọn níyà. Búrọ́ọ̀ṣì kábọ̀n méjì ń fara kan bàbà yẹn, sípíríǹgì ń tì wọ́n, ibẹ̀ sì ni iná ń gbà wọ ohun tó ń yí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn tó ń yí wáyà ẹ̀rọ rìn nílé, ẹ mọ gbogbo èyí. Bákan náà ni, kékeré ló fi yàtọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún ni pé kábọ̀n ń jẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ epo, ó sì ń kún àlàfo tó pín bàbà mẹ́ta náà níyà. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ń gbé iná, iná á wá máa gba ibi tí kò yẹ kọjá. Ọkọ̀ á máa gbóná, á máa tàná, á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ẹ tú pátákó tó di búrọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ fi ọwọ́ kan bò ó nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, torí sípíríǹgì á fò, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Ẹ fi ọtí díẹ̀ àti aṣọ nu ojú bàbà náà. Bó bá ṣì dúdú, ẹ fi irésà pẹ́ńsù gbo ó. Ẹ fi igi ìtayín gbẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò nínú àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igi ni, ẹ má fi abẹ́rẹ́. Pépà gbígbo tó le á fi ìlà sílẹ̀ lára bàbà, ìlà yẹn á sì máa jẹ kábọ̀n tuntun.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò wọn ègé kìíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, ìkẹta sí ìkíní. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ gan-an, wáyà ibẹ̀ ti já tàbí ó ti jóná. Ẹ wọn ègé kọ̀ọ̀kan sí irin tó gba àárín armature kọjá. Kò gbọdọ̀ sí iná tó ń kọjá rárá. Bó bá yege nínú méjèèjì, ẹ dúpẹ́, torí armature ni ẹ̀yà tó wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń yege lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó yí wáyà wọ̀nyí ní ìpínlẹ̀ New Jersey mọ iṣẹ́ wọn. Ó máa ń wú mi lórí tí mo bá ri pé ọwọ́ ènìyàn ló so okùn kékeré yẹn, tó sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀.

Gíríìsì àtijọ́ ńkọ́? Ó ti le koránkorán bí oje igi. Ẹ má fi tuntun lé e lórí. Ẹ fọ ọ́ kúrò lára gbogbo irin eléyín títí wọn yóò fi dán, kí ẹ tó fi gíríìsì díẹ̀ sí eyín, àti ẹ̀kán epo kan ṣoṣo sí ibi tí armature ti ń yí, ẹ̀kán kan sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Epo tó bá pọ̀ jù á ṣàn dé orí commutator, ẹ ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo tí wọ́n ń fín láti inú agolo, tí a fi ń tú ìdè tó ti pẹtà, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó ń gbẹ, ó sì ń kó ìdọ̀tí jọ.

Lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì ni ohun tí wọ́n ń pè ní E-unit, èyí tó ń darí ọkọ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Bí ẹ bá gé iná tí ẹ tún dá a padà, irin kan nínú kọ́ìlì kékeré rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á tún fò sókè, á sì yí ìlù kékeré kan ní ìṣísẹ̀ kan: síwájú, dúró, sẹ́yìn, dúró. Ìka bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kan ìlù náà, ìka yẹn sì máa ń gbó tàbí kó tẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kùn bí oyin tí kò rìn, ìlù yẹn ló di ibì kan mú. Àmọ́ kí ẹ tó tú u, ẹ wo ẹ̀gún irin kékeré tó yọ lára ọkọ̀. Ẹ̀gún yẹn ló ń tì E-unit pa kí ọkọ̀ lè máa lọ sí apá kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé ibi “dúró” ni bàbá tì í sí ní Kérésìmesì tó fi lò ó kẹ́yìn, ọkọ̀ náà kò ní rìn láéláé, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Wáyà inú ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo èyí tó bá ti le tàbí tó sán. Ẹ lo wáyà rírọ̀, tó bá ṣeé ṣe kí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àtijọ́. Lẹ́ẹ̀dì ti àwọn oníṣẹ́ rédíò ni kí ẹ fi jó o, èyí tí àwọn oníṣẹ́ páìpù ń lò ní ásíìdì tó máa jẹ bàbà run.

Ọkọ̀ 671 yìí mú ọ̀rọ̀ kan wá tó pín èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níyà. Ọdún 1946 ni Lionel kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rú èéfín. Gílóòbù iná ni wọ́n fi ṣe é: orí gílóòbù náà jìn díẹ̀, ọmọ á ju hóró kan sínú ihò èéfín, hóró á bọ́ sójú gílóòbù gbígbóná, á sì di èéfín. Ammonium nitrate, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ló wà nínú hóró náà, ó sì máa ń jẹ irin tó yí i ká. Ní 1947 wọ́n pa gílóòbù tì, wọ́n fi wáyà tó ń gbóná rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì yí hóró padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a pààrọ̀ ti 1946 sí ti 1947 nígbàkígbà tí a bá rí i, kí ọmọ lè rí èéfín. Èmi ò gbà. Gílóòbù ọdún kan ṣoṣo yẹn ló sọ ọkọ̀ yìí di ti 1946. Ẹ fọ ìyọ̀ funfun tó kù nínú rẹ̀ kúrò dáadáa kó má baà jẹ irin sí i, ẹ jẹ́ kí gílóòbù máa tàn, kí ọkọ̀ máa rìn láìsí èéfín. Ẹ má dà omi èéfín òde òní sórí gílóòbù yẹn. Bí ìdílé bá fi dandan lé e pé àwọn fẹ́ èéfín, mo máa ń ṣe é fún wọn, àmọ́ gbogbo ẹ̀yà tí mo bá yọ, inú àpòòwé ni mo ń dì í sí, tí mo kọ orúkọ sí, kí ọmọ-ọmọ lè dá a padà lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ ti ṣáájú ogun, ẹ gbọ́ ti àìsàn síńkì. Irin síńkì tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú ohun tó ń fún un ní ìrísí, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí òjé tàbí tánńganran díẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ síńkì yẹn ní ilé-iṣẹ́, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Irin náà á wú, á sán, á sì rún wómúwómú lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. New Jersey Zinc Company gbé àdàlù tó mọ́ gaara jáde ní 1929, tí wọ́n ń pè ní Zamak, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń pa ìmọ́tótó yẹn mọ́ nígbà gbogbo. Ọkọ̀ 700E ti 1937, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là márùndínlọ́gọ́rin nígbà yẹn, olówó ló ń rà á, síbẹ̀ àìsàn yìí mú nínú wọn. Kò ní oògùn. Kò sì ń ràn láti ara ọkọ̀ kan sí èkejì bí àwọn kan ṣe ń sọ, ẹ má wulẹ̀ lé ọkọ̀ aláìsàn kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ti sán, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi fa ẹsẹ̀, ẹ má fi òòlù gbá a, kí ẹ fi tuntun sí i. Wọ́n ń ṣe é tà. Lára ti ẹ̀yìn ogun, irú bíi 671 yìí, àìsàn náà ṣọ̀wọ́n.

Ojú irin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Irin oníhò tí wọ́n fi tánńganran bò ni. Ẹ fi aṣọ àti ọtí nù ún. Ẹ má fi kànìnkànìn onírin gbo ó, torí èérún rẹ̀ á fò mọ́ òòfà. Láti 1950 ni Lionel ti ń fi òòfà sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè di irin mú, èérún yẹn á sì wọ inú ẹ̀ńjìnnì lọ pa iná pọ̀. Èyí tó bá ti pẹtà wọnú, ẹ ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó jogún ojú irin.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti wà nípò, ẹ gbé ọkọ̀ nìkan sórí irin, láìfi àgbájọ ẹrù mọ́ ọn. Ẹ fi iná díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó lọ síwájú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó lọ sẹ́yìn, kí ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bó bá ń jó ọwọ́, ẹ dá a dúró. Ìró rẹ̀ á kọ́kọ́ le, á sì máa rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì tuntun bá ṣe ń bá bàbà mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ so ẹrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú fẹ́ràn àtirìn. Èyí tó bá jókòó fún ọdún mẹ́wàá ni gíríìsì rẹ̀ ń le. Ẹ máa gbé e jáde lọ́dọọdún. Kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tí ènìyàn ń gbé. Ooru òkè àjà àti ọ̀rinrin abẹ́ ilé kò dára fún un.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ fi ìwé kan sínú páálí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà rí, ọdún tí wọ́n rà á, ẹni tó jù ú bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ohun tí ẹ yí padà àti ibi tí ẹ̀yà àtijọ́ wà. Ọkọ arábìnrin wa yìí ti kọ tirẹ̀, ojú ìwé méjì ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn tó gbé tiwọn wá, ẹ tò ó sórí tábìlì apá òsì, kí okùn iná tiransifọ́mà wà lókè kí a lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè bẹ̀rẹ̀ báyìí.